Láptọ́ọ̀pù mi kò gba Windows 11: ṣé kí n ra òmíràn ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Òṣogbo, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ iṣẹ́. Project àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwàásù, ìwé ètò ìsìnkú, fọ́ọ̀mù oríṣiríṣi, gbogbo ẹ̀ ni mo ń tẹ̀, Yorùbá tó ní àmì lórí ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. HP EliteBook 840 G3 tòkunbọ̀ ni mo ń lò: Core i5-6300U, RAM 8GB, hard disk 500GB, Windows 10. Ó ti ń kọ ọ́ sójú mi pé Windows 10 ti parí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kọ̀ǹpútà mi kò kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11. Ẹnjiníà kan ní kí n tà á kí n ra òmíràn. Èkejì ní òun máa fi Windows 11 sí i tipátipá, kí n san owó iṣẹ́ àti owó key (nọ́ńbà àṣẹ Windows). Láptọ́ọ̀pù náà sì ti ń lọ́ra gan-an láàárọ̀. Dell Latitude E6420 kan tún wà nílé tí ọmọ mi ń lò, RAM 4GB. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ orúkọ processor yín, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àti iye RAM síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ̀wé pé "HP ni, dúdú ni", tí wọ́n á sì ní kí n sọ ohun tó ń ṣe é.

Nínú àwọn ẹnjiníà méjèèjì, mi ò tẹ̀ lé ìkankan. Láptọ́ọ̀pù yín kò tíì dàgbà ju iṣẹ́ tí ẹ ń fi ṣe lọ. Hard disk inú rẹ̀ ló ti dàgbà. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni ín, màá fi SSD, ìyẹn disk ìgbàlódé tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò hard disk yẹn, màá forúkọ láptọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan tí Microsoft fún Windows 10, màá sì máa bá iṣẹ́ mi lọ. Owó tí ẹ bá fẹ́ san fún Windows 11 tipátipá, ẹ fi pa mọ́ de láptọ́ọ̀pù tí ẹ máa rà níkẹyìn.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, kò sẹ́ni tó máa ti Amẹ́ríkà pa kọ̀ǹpútà yín. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ fífi update ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sí Windows 10, tó ti wà níta láti oṣù Keje ọdún 2015. Word á ṣì ṣí, pírińtà á tẹ̀ ẹ́ jáde, íntánẹ́ẹ̀tì á lọ. Ohun tó yí padà ni pé ihò tuntun tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára Windows 10 láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa bá yín dí i mọ́, àfi tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún tí mo ń sọ yìí. Ẹni tó ń fi láptọ́ọ̀pù wo fíìmù nílé lè pẹ́ kó tó rí láburú. Ti yín yàtọ̀. Flash gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ládùúgbò ló ń wọ ara láptọ́ọ̀pù yín, òmíràn sì ti gba ara kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mélòó kan kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Nọ́ńbà NIN àwọn oníbàárà, ìwé ẹ̀rí wọn, fọ́tò wọn, gbogbo ẹ̀ ló ń gba ọwọ́ yín. Torí náà, mi ò ní ní kí ẹ kàn máa lo Windows 10 lọ bẹ́ẹ̀ láìsí update kankan.

Kí ló wá dé tí Windows 11 fi kọ láptọ́ọ̀pù yín? Ẹ wo orúkọ processor yẹn: i5-6300U. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì, ìyẹn 6, ló ń sọ ìran tó jẹ́. Ìran 8 ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba processor Intel, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba bíńtín nínú ìran 7. Tó bá jẹ́ AMD, ó ti Ryzen 2000 bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo Ryzen 2000 ló ń gbà. Tí ẹ bá rí i5-8250U, ìran 8 nìyẹn. Tí ẹ bá rí i5-10210U, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ẹ máa kà, ìran 10 ni. Àwọn tó ń ta láptọ́ọ̀pù á máa pariwo "Core i7, Core i7", bẹ́ẹ̀ Windows 11 kò ní gba i7 ìran 4, á sì gba i3 ìran 8 láìbéèrè ohunkóhun.

Àwọn nǹkan yòókù tí wọ́n ń béèrè kò le: RAM 4GB, àyè 64GB lórí disk, UEFI (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé) tó ní Secure Boot (ààbò tí kì í jẹ́ kí ètò àjèjì gbéra níbẹ̀), àti TPM 2.0. TPM yìí jẹ́ ẹ̀yà kékeré kan tó ń bá kọ̀ǹpútà tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí a fi ń ti disk pa. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, tí ẹ kọ tpm.msc, tí ẹ tẹ Enter, ẹ máa rí Specification Version nísàlẹ̀, á sì sọ bóyá 1.2 ni tàbí 2.0. Láptọ́ọ̀pù ìgbà tiyín, àwọn kan ní 1.2, àwọn kan ní 2.0. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ tan TPM kí láptọ́ọ̀pù náà lè yege. Bí wọ́n tan TPM títí, processor yín á ṣì jẹ́ ìran 6, kò sì ṣeé pààrọ̀, torí wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù.

Àwọn kan gbà pé ṣe ni Microsoft fẹ́ fipá ta kọ̀ǹpútà tuntun fún gbogbo ayé. Mi ò ní bá wọn jiyàn, àmọ́ ìdí kan wà nídìí ẹ̀. Ààbò kan wà nínú Windows 11 tó ń ya ibi tó ṣe pàtàkì jù nínú ètò náà sọ́tọ̀, kí kòkòrò má baà lè dé ibẹ̀. Processor tuntun ní ohun èlò tó ń mú iṣẹ́ yẹn yá; ti àtijọ́ ò ní in, ó sì máa ń fà á sẹ́yìn tí wọ́n bá tan ààbò náà lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìlọ́ra tí ẹ sọ, torí ibẹ̀ gan-an ni owó yín ti máa ṣiṣẹ́. Lọ́la, tí ẹ bá tan láptọ́ọ̀pù náà láàárọ̀, ẹ má tíì ṣí Word, ẹ má ṣí Chrome. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager jáde. Tó bá jẹ́ kékeré, ẹ tẹ More details. Ẹ wo òkè: CPU, Memory, Disk. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá CPU ní bíi 15 tàbí 20, kí Memory wà ní nǹkan bí ìdajì, kí Disk sì dúró digbí ní 100%, kó má kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú gbọọrọ. Tí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, processor yín ò ṣe nǹkan kan. Ó jókòó, ó ń retí kí hard disk kó fáìlì wá, bí alásè tó ti gbé ìkòkò kaná tí ọmọ tó rán lọ sọ́jà ò tíì dé.

Àwo ló ń yí nínú hard disk, abẹ́rẹ́ kan sì ń sáré kiri lórí ẹ̀ láti wá fáìlì. Èyí tó ń wà nínú láptọ́ọ̀pù sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan ló ń kà lọ gbọọrọ, ó lè ka nǹkan bíi 100MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n tí Windows bá ń jí láàárọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ tó fọ́n ká ló ń wá, hard disk kì í sì lè ka ìdá mẹ́wàá iye yẹn nígbà náà. SSD kò ní àwo, kò ní abẹ́rẹ́. Irú èyí tó máa wọ ojú ibi tí hard disk yín wà, SATA 2.5 inch, lè ka bíi 500MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lórí fáìlì wẹ́wẹ́ sì ni ó ti ń fi hard disk sílẹ̀ jìnnà jù. Kò sí Windows kankan, ì báà jẹ́ 10 tàbí 11, tó máa yá lórí hard disk tó ń yí.

Tó bá jẹ́ Word àti PDF ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín, SSD 240GB tó. Tí fọ́tò àti fídíò bá pọ̀, ẹ ra 500GB. Ẹ sá fún SSD "2TB" olówó pọ́ọ́kú tí kò ní orúkọ tí èèyàn mọ̀. Memory card kékeré ló máa ń wà nínú òmíràn, tí wọ́n ti yí nọ́ńbà rẹ̀ padà kó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kí ẹnjiníà fi H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín kó tó gbé ohunkóhun sí i. Fífi SSD náà sí i kò le. Wọ́n á tú ìdérí ìsàlẹ̀, wọ́n á yọ wáyà bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, wọ́n á yọ ti àtijọ́, wọ́n á ki tuntun bọ ojú ẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n. RAM 8GB yín tó. Tí wọ́n bá ní kí ẹ sọ ọ́ di 16GB, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ ó di ọjọ́ mìíràn.

Ẹnjiníà máa bi yín bóyá kí òun da gbogbo ohun tó wà lórí hard disk kọ sórí SSD bó ṣe wà, tàbí kí òun gbé Windows tuntun sí i. Ẹ ní kó dà á kọ bó ṣe wà. Word yín, pírińtà yín, fọ́ǹtì yín, gbogbo ẹ̀ á wà níbi tí ẹ fi wọ́n sí. Àmọ́ kó kọ́kọ́ fi CrystalDiskInfo wo ìlera hard disk náà. Tó bá kọ Good, ẹ tẹ̀síwájú. Tó bá kọ Caution tàbí Bad, hard disk yẹn ti ń kú lọ nìyẹn. Kí wọ́n kó fáìlì yín jáde kíákíá kí wọ́n tó gbìyànjú ohun mìíràn. Tí ohun tó wà lórí hard disk bá sì ju àyè SSD lọ, ẹ máa ní láti kó díẹ̀ kúrò.

Kí ẹnikẹ́ni tó tú ohunkóhun, ẹ kó ẹrù yín jáde. Kì í ṣe sí D o! Gbogbo ìgbà ni mo ń gbọ́ "ẹ má yọnu, mo ti kó o sí D". C àti D, orí hard disk kan náà ni wọ́n wà. Tó bá kú, àwọn méjèèjì ló lọ. External hard disk ni kí ẹ kó o sí, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ yá. Ẹ kó Documents. Ẹ kó Desktop, torí mo mọ̀ pé orí Desktop ni iṣẹ́ oníbàárà máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín. Ẹ kó Downloads, ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp máa ń bọ́ sí. Password tó wà nínú Chrome náà, ẹ wò ó bóyá ó ti wà lórí àkáǹtì Google yín.

Ohun kan wà tí àwọn ẹnjiníà kì í rántí, torí wọn kì í tẹ Yorùbá: fọ́ǹtì. Tó bá ti pẹ́ tí ẹ ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ lè ní àwọn fáìlì tí wọ́n fi fọ́ǹtì àtijọ́ tẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe kí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà èdè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó gbilẹ̀. Nínú irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀, ojú ibi tó yẹ kí àmì mìíràn wà, bí àmì owó tàbí lẹ́tà Faransé kan, ni wọ́n ya ẹ àti ọ sí. Fọ́ǹtì yẹn nìkan ló ń jẹ́ kó jáde bí Yorùbá. Ẹ gbé Windows tuntun láìkó fọ́ǹtì náà dání, ẹ ṣí ìwé ìwàásù kan tí ẹ tẹ̀ ní ọdún 2009, ẹ máa rí i pé ibi gbogbo tí ẹ àti ọ wà ti di jágbajàgba. Ẹ wọ C:\Windows\Fonts, ẹ wá gbogbo fọ́ǹtì tí kì í ṣe ti Windows fúnra rẹ̀, ẹ kó wọn sínú fódà kan. Tó bá jẹ́ keyboard Yorùbá tí ẹnìkan fi sí i fún yín lẹ ń lò, ẹ wá fáìlì tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀, kí ẹ tọ́jú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti inú Windows fúnra rẹ̀, kò sí wàhálà. Ẹ máa rí i padà lábẹ́ Language nínú Settings. Bí ẹ tilẹ̀ dà á kọ bó ṣe wà, ẹ ṣe èyí. Ọjọ́ tí ẹ bá ra láptọ́ọ̀pù mìíràn lẹ máa mọ ìwúlò ẹ̀.

Àfikún ọdún kan tí mo sọ ni wọ́n ń pè ní ESU. Update ààbò nìkan ló ń gbé wá, ó sì máa bá yín lọ títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti wọ̀ ọ́. Ẹ lè gbà kí Windows máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín sórí àkáǹtì Microsoft yín, ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹ lè fi pọ́ìntì 1,000 ti Microsoft Rewards san án. Ẹ sì lè san dọ́là 30. Ẹ mú ti ọ̀fẹ́, kí ló dé! Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ winver, kí ẹ rí i dájú pé 22H2 ló wà níbẹ̀; tí kì í bá ṣe òun, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí update tó kù wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Windows Update, ẹ máa rí Enroll now. Ó máa ní kí ẹ fi àkáǹtì Microsoft wọlé, orúkọ tí ẹ sì fi ń lo kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ administrator. Tó bá jẹ́ ẹnjiníà ló ṣí àkáǹtì tó wà níbẹ̀, tí ẹ ò mọ password rẹ̀, ẹ ṣí tuntun tó jẹ́ tiyín, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tó wà lọ́wọ́ yín. Ìforúkọsílẹ̀ kan ṣoṣo lè bo kọ̀ǹpútà 10 lórí àkáǹtì kan náà, torí náà bí kọ̀ǹpútà mìíràn bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi kún un.

Ó kan ẹnjiníà kejì. Kò parọ́, ó ṣeé ṣe. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Rufus, òun la fi ń ṣe flash tí a ó fi gbé Windows. Tí ẹ bá ń fi Windows 11 sórí flash, á bi yín bóyá kó fo àyẹ̀wò TPM àti Secure Boot. Ẹ mú un, ó tán. Windows 11 á wọ ìran 6 yẹn, á sì ṣiṣẹ́, pàápàá tí SSD bá wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun yín ni ohun tí kò sọ fún yín.

Windows 11 kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé lẹ́ẹ̀kan tó tán síbẹ̀. Ọdọọdún ni ẹ̀dà tuntun ń jáde, ẹ̀dà Home àti Pro kọ̀ọ̀kan kì í sì í gba update ju nǹkan bí ọdún 2 lọ. Láptọ́ọ̀pù tó kún ojú òṣùwọ̀n, Windows Update fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀dà tuntun fún un. Èyí tí wọ́n fipá mú kì í sábà rí i gbà; èèyàn á tún wa fáìlì tó lé ní 5GB sílẹ̀, á tún ṣe flash, á tún fo àyẹ̀wò. Microsoft alára sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí update. Ẹ wá gbọ́ eléyìí: ẹ̀dà 24H2, tó ṣì wà lórí flash ọ̀pọ̀ ẹnjiníà, ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026 ni update rẹ̀ ń parí fún Home àti Pro. Ọjọ́ kan náà gẹ́lẹ́ tí ESU ọ̀fẹ́ yín ń parí. Ẹ máa ti sanwó, ẹ máa ti pa ṣọ́ọ̀bù dé odidi ọjọ́ kan, ẹ ò sì ní jèrè ọjọ́ kan ṣoṣo lé e.

Tí oṣù Kẹwàá ọdún 2026 bá wá ń súnmọ́ tòsí, tí owó láptọ́ọ̀pù mìíràn kò tíì sí, nígbà náà mi ò ní dá yín lẹ́kun. Ẹ ní kó fi 25H2 sí i, kì í ṣe 24H2, ìyẹn á gbé yín dé oṣù Kẹwàá ọdún 2027. Kí ó jẹ́ ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter wà nítòsí, torí bátìrì tòkunbọ̀ kì í gbé iṣẹ́ yẹn parí, tí iná bá sì lọ láàárín, ẹ lè bá ojú dúdú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Tí disk yín bá wà lábẹ́ BitLocker, ìyẹn ètò tí Windows fi ń ti disk pa, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó ní nọ́ńbà 48 lórí àkáǹtì Microsoft yín, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ kan BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé. Tó bá jẹ́ pé orí Windows 10 ni wọ́n ti gbé e sókè láìfọ́ọ̀máàtì, ẹ ní ọjọ́ 10 láti padà sẹ́yìn bí pírińtà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka yín bá kọ̀ láti bá a ṣiṣẹ́.

Ti owó key yẹn, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ wọ Settings, Update & Security, Activation. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Windows is activated with a digital license, ìwé àṣẹ yín ti so mọ́ bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù náà. Windows 11 á mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀ ní kété tó bá rí íntánẹ́ẹ̀tì. SSD tuntun kò sì ní mú kó sọnù. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa Defender, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ inú Windows tó ń lé kòkòrò, ná kí activator òun (ètò ayédèrú tó ń dọ́gbọ́n key) lè ṣiṣẹ́, ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín lọ́wọ́ ẹ̀. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá gbé kòkòrò dání, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un fúnra yín, lórí kọ̀ǹpútà tí NIN àwọn èèyàn wà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa ra òmíràn, yálà ní Òṣogbo níbẹ̀ tàbí tí ẹ bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ má fi orúkọ láptọ́ọ̀pù ra láptọ́ọ̀pù. Wọ́n á ní EliteBook 840 G5 gba Windows 11, tàbí ThinkPad T480. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn kan wà lára méjèèjì tí processor ìran 7 wà nínú wọn. Ẹ tan án, ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì fúnra yín. Tó bá jẹ́ HP, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ máa tẹ F10. Bí BIOS bá béèrè password tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ dá a padà fún un.

Nǹkan kejì tún wà tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà wá, ilé-iṣẹ́ ló ti lò wọ́n, àwọn kan nínú wọn kò sì yọ orúkọ wọn kúrò lórí Autopilot, ètò Microsoft tí ilé-iṣẹ́ fi ń darí kọ̀ǹpútà wọn, kí wọ́n tó tà wọ́n dànù. Ẹ ò ní mọ̀, torí ẹni tó ń tà á ti fọ́ọ̀máàtì rẹ̀ láìso ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí ẹ bá reset rẹ̀ tí ẹ so ó mọ́ Wi-Fi, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí ẹ ò mọ̀ rí á jáde, á ní kí ẹ fi email iṣẹ́ wọlé, ó sì lè má jẹ́ kí ẹ kọjá ibẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á reset rẹ̀ lójú yín, kí ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín so ó, kí ẹ dúró títí ẹ fi máa dé ojú ìwé tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ yín. Kò tó wákàtí méjì. Ìdí mìíràn tún nìyí tí mo fi ní kí wọ́n da hard disk G3 yín kọ bó ṣe wà: láti ìlú òkèèrè lòun náà ti wá.

Ó ku Dell E6420 ti ọmọ yín. Ìran 2 ni processor rẹ̀, ọdún 2011 ni Dell gbé irú rẹ̀ jáde. Windows 11 lè wọ̀ ọ́ tipátipá, àmọ́ ìyà lásán ni. Ti ìyẹn, Linux Mint, ètò mìíràn tó ń rọ́pò Windows, ni mo fara mọ́, ẹ̀dà Xfce, torí ó fúyẹ́. Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè key, RAM 4GB sì tó o. Mint 22 á máa gba update títí di ọdún 2029. Mi ò ní ní kí ẹ gbé e sórí láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù o. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka àti ètò ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń lò níbí, Windows ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń gbé project wá nínú Word, tí supervisor ti ka ojú ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. LibreOffice inú Mint á ṣí i, ṣùgbọ́n table of contents àti ojú ìwé lè sún kúrò níbi tí wọ́n wà. Fún ọmọ tó ń ṣe assignment, tó ń wo YouTube, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó ṣe é. Keyboard Yorùbá náà wà níbẹ̀, lábẹ́ Nigeria.

Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ẹ pa Windows ibẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó mọ bó ṣe rí. Ẹ fi Rufus gbé Mint sórí flash 8GB, ẹ ki flash náà bọ Dell yẹn, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F12 títí tí á fi ní kí ẹ yan ibi tó máa gbéra. Ẹ yan flash. Mint á ṣí láti orí flash, kò sì ní fọwọ́ kan disk àyàfi tí ẹ bá tẹ Install. Kí ọmọ yín lò ó fún ìrọ̀lẹ́ kan. Kó gbọ́ bóyá orin ń jáde, kó wo bóyá Wi-Fi ń wọlé. Bí Wi-Fi kò bá jáde, ó lè jẹ́ pé káàdì Broadcom ló wà nínú ti yín. Kó fi wáyà USB so fóònù tó ní dátà mọ́ ọn, kó tan USB tethering, kó ṣí Driver Manager, á rí dráífà rẹ̀ níbẹ̀.